Kí Fóònù Tó Dé Ọwọ́ Ọmọ: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Ọmọ Ọdún 11 sí 17

Nígbà tí ọmọbìnrin mi àgbà pé ọdún 12, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London fi fóònù kan ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni fóònù náà wọlé. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ọmọ ti ní WhatsApp, TikTok àti Instagram, ó sì ti purọ́ ọjọ́ orí lórí gbogbo wọn. Mi ò mọ̀. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé ọmọ mi já fáfá, torí òun ló ń bá mi tún fóònù tèmi tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo dìde lóru, mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 ló ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn tí mo gbọ́ nínú fóònù yẹn, ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ni. Mo pariwo, mo fọ́ ọ létí, mo gba fóònù. Ó lé ní ọdún kan tí ọmọ náà kò fi sọ ohun tó jinlẹ̀ kankan fún mi mọ́.

Fóònù ṣeé gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ṣeé dá padà. Ẹnu tí ọmọ bá ti pa dé mọ́ òbí kì í tètè ṣí.

Láyé ìyá wa, wọ́n máa ń sọ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Bí ọmọ bá yà síbi tí kò yẹ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kó tó délé, ìyá oníṣu ti sọ, bàbá télọ̀ ti sọ, ìyàwó àbúrò bàbá ti fi kún un. Nínú fóònù, kò sí ìyá oníṣu. Ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ayé, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ la ti máa gbọ́ ọ. Torí ẹnu yẹn ni mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yan àkókò

Ọdún 13 ni WhatsApp, TikTok, Instagram, Facebook àti Snapchat sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé kó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní Australia, láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, òfin ìjọba ti sọ ọ́ di ọdún 16 fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Òbí ni aṣọ́nà.

Ní ilé mi báyìí, ọmọ JSS tó ń dá wọ mọ́tò lọ sílé ẹ̀kọ́ ń lo fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ó lè pè mí, mo lè pè é, ó parí síbẹ̀. Bí tíṣà bá ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nọ́ńbà tèmi ló wà lọ́wọ́ tíṣà. Ó di SS1 kí fóònù ńlá tó wọlé.

Ọmọ yóò sọ fún yín pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ní. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dùn ún lóòótọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe ìyá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tímọ́tímọ́, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ fẹnu kò.” Àwọn méjì gbà. Láti ìgbà yẹn, ọmọ mi kò dá nìkan wà mọ́, àwa ìyá náà sì ń bá ara wa sọ ohun tí a bá rí. Díẹ̀ lára igba ojú yẹn ti padà wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jọ ṣí i, ẹ fi ọjọ́ orí gidi sí i

Ẹ má fún ọmọ ní fóònù tuntun nínú páálí kó lọ ṣí i ní yàrá rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti béèrè ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni kó wọ ibẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. TikTok kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láyè láti máa fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ tàbí gbà á. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Instagram náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìwé àwọn ọ̀dọ́ pa mọ́ fún àjèjì, ọmọ tí kò tíì pé 16 kò sì lè tú u sílẹ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún 12 tó kọ 25 síbẹ̀ ti já gbogbo ọgbà yẹn lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí tèmi ṣe nìyẹn.

Bí fóònù bá jẹ́ Android, ẹ gbé Family Link ti Google sórí tiyín àti tọmọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó lè rí iye wákàtí tó ń lò, ẹ ó lè ti fóònù pa ní aago tí ẹ bá fẹ́, kò sì ní lè gbé ohun tuntun sórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbà. Fóònù Apple ní tirẹ̀, Screen Time ni wọ́n ń pè é. Lórí WhatsApp, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Privacy, ẹ wọ Groups, kẹ́ ẹ sì yan My contacts, kí ẹni tí ọmọ kò mọ̀ má baà máa fà á wọ gúrúùpù. Inú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ta “expo” WAEC àti JAMB fún àwọn ọmọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Bó bá ní Snapchat, ẹ pa àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tó wà hàn.

Ẹ má ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ sọ fún un pé, “Mo fi èyí síbẹ̀, ohun tí mo lè rí nìyí, ohun tí mi ò lè rí nìyí.” Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ ṣàwárí pé ẹ ń ṣọ́ òun yóò ya fóònù ọ̀rẹ́ lò, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí fóònù ń sùn

Bí ẹ bá ní agbára fún òfin kan ṣoṣo, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo fóònù ilé, tìyá, ti bàbá, tọmọ, á wà lórí tábìlì kan ní pálọ̀. Oorun wákàtí 8 sí 10 ni ara ọmọ ọdún 13 sí 18 ń béèrè lóòjọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní ọ̀lẹ láàárọ̀ ni oorun kò tó. Láti aago mọ́kànlá lọ, ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn, ni àwọn tó ń dọdẹ ọmọ máa ń rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ó gbọ́ àwáwí yìí: “Mọ́mì, òru ni wọ́n máa ń mú iná wá, tí mi ò bá ṣáàjì nígbà yẹn, ó máa kú.” Òótọ́ ni, NEPA ò mọ aago. Ẹ gbé ẹ̀rọ pínpín iná kan sórí tábìlì pálọ̀ yẹn, kí fóònù gbogbo wà lórí rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó sùn. Ìgbàkúùgbà tí iná bá dé, á wọ̀ ọ́.

Òbí tó ń fi fóònù tirẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí kò lè pa òfin yìí mọ́. Ọkọ mi bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́

Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a ó pe ọmọ wá, a ó ní kó jókòó, a ó wò ó lójú bí ọlọ́pàá. Lójú ẹsẹ̀ ló ti di ẹjọ́, ọmọ á máa wá ohun tó máa fi gba ara rẹ̀ là. Ìgbà tí a bá jọ ń ṣa ẹ̀wà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọmọ mi. Ojú wa wà lára ẹ̀wà, kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì, ẹnu á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Fífọ ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá dára, rírìn lọ sọ́jà dára, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó tàbí ti Iwo Road náà wúlò fún èyí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ẹlòmíì. “Mo gbọ́ pé ọmọ kan fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, wọ́n wá ń fi halẹ̀ mọ́ ọn. Kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù fún àwa òbí Yorùbá, torí a gbà pé àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ka ogún nínú ara yín kẹ́ ẹ tó tún la ẹnu. Bó bá sọ ohun tó bà yín lẹ́rù, ẹ má yí ojú padà.

Ṣáájú kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ ni kí gbólóhùn yìí ti wọ ọmọ létí, lọ́pọ̀ ìgbà: “Bí ẹnikẹ́ni bá fi ohunkóhun halẹ̀ mọ́ ọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ lo ṣàṣìṣe, wá bá mi. Mi ò ní lù ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a jọ sọ ọ́.” Ẹ gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ o. Ọmọ á kọ́kọ́ fi nǹkan kékeré dán yín wò.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀rọ̀ Yahoo

Mo ń gbé àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí àwọn ọmọ ogún ọdún ti ń wa Benz kọjá níwájú tíṣà tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò sí ìwàásù tó lè borí ohun tí ojú ọmọ ń rí lójoojúmọ́ bí a kò bá la ọ̀rọ̀ náà yé e. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára wa. Nígbà tí ọmọ àdúgbò ra ọkọ̀, tí ẹ ní “Ọlọ́run á ṣe tiwa náà,” ọmọ yín gbọ́. Nígbà tí ìbátan kan tí kò níṣẹ́ fi owó ńlá ránṣẹ́ síbi ìsìnkú, tí ẹ gbà á tí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ kọrin, ọmọ yín rí i. Kò sí òfin ilé tó lè dúró lórí irú ìpìlẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìtàn dé ìparí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ àwòrán Hushpuppi, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, pẹ̀lú ọkọ̀ àti aṣọ olówó iyebíye. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé wọ́n mú un ní Dubai ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, àti pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán an lẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022.

Èyí tí mo sọ fún ọmọ mi ọkùnrin tó mú un dákẹ́ rèé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn kan lórí Instagram díbọ́n bí ọmọbìnrin fún ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. Wọ́n gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gba owó. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Èkó ni àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ ọn wà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, wọ́n sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Mo bi ọmọ mi pé, “Nínú àwọn ìyá méjèèjì, ta lo rò pé ó ń sùn lóru?” Kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kejì ló wá sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun kan ti pe òun síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣàkíyèsí: fóònù kejì tí ẹ kò rà, àwòrán òyìnbó tí ọmọ kò mọ̀ rí nínú fóònù rẹ̀, sísùn lọ́sàn-án àti àìsùn lóru, bàtà tuntun tí kò ní àlàyé, ìjáde lójijì láti ilé ẹ̀kọ́ lọ “kọ́ kọ̀ǹpútà” níbi tí kò ní pátákó. Ẹ̀rí ìdájọ́ kọ́ ni wọ́n o. Ohun tó yẹ kó mú yín béèrè ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Alẹ́ tí ọmọ bá wá sọ fún yín

Ká ní ọmọ wọlé wá bá yín pé, “Mọ́mì, mo ti fi àwòrán mi ránṣẹ́ sẹ́nì kan, ó ní òun máa fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì.” Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni yóò pinnu gbogbo rẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ ní, “O ṣeun tí o sọ fún mi.” Ìbéèrè “kí ló dé tí o fi ṣe é?” lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá san owó fún lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, á padà wá. Ẹ má pa ìwé ìtàkùrọ̀sọ rẹ́, bó ti wù kó tì yín lójú tó. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi orúkọ, nọ́ńbà, àkáǹtì báńkì tí wọ́n ní kó sanwó sí àti ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ hàn. Ẹ fi ẹjọ́ ẹni náà sun ìkànnì tí wọ́n ti pàdé, ibi tí wọ́n kọ Report sí, kẹ́ ẹ tó dí i.

Fún àwòrán ìhòòhò ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Take It Down. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ tó sọnù tàbí tí wọ́n ń lò nílòkulò ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ ni, a sì lè lò ó láti Nàìjíríà. Àwòrán yẹn kì í kúrò lórí fóònù yín. Àmì kan ni ẹ̀rọ máa ń yọ lára rẹ̀, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn tó bá wọn fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè dá a mọ̀, kí wọ́n sì dí i. Ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin Cybercrimes ọdún 2015 sì ka irú ìhàlẹ̀ yìí sí ọ̀daràn. Àwọn ará Èkó lè lọ bá àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìbálòpọ̀, DSVA.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá sùn. Ẹ tẹ́ ẹní sí yàrá rẹ̀, tàbí kó wá sí tiyín. Ìtìjú máa ń sọ fún ọmọ pé ayé òun ti parí, ẹni tó bá wà nítòsí nìkan ló lè sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìjìyà

Ẹ fi ìjìyà lélẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà. Tiwa wà lórí ìwé tí ọmọ àti àwa jọ fọwọ́ sí: fóònù tí kò sí lórí tábìlì ní aago mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́ta; irọ́ nípa ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ọjọ́ ìparí, a sì ń dá fóònù padà ní ọjọ́ yẹn láìfi ọ̀rọ̀ gún un. Ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ wá jẹ́wọ́ kì í gba ìjìyà ní ilé wa. Ọkọ mi ò kọ́kọ́ gbà, ó ní ọmọ á máa fi ìjẹ́wọ́ ṣòwò. Kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ní ti igbátí, mo ti sọ ohun tí tèmi bà jẹ́. Ẹ má sì kó ọ̀rọ̀ ọmọ lọ sórí WhatsApp ẹbí, ẹ má ní kó wá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ọmọ ọdún 14 á gbàgbé pàṣán kó tó gbàgbé ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Bó bá ju agbára yín lọ

Ojú tó ń pọ́n lójoojúmọ́, owó tó ń sọnù nílé, òórùn àjèjì lára aṣọ, ìgò oògùn ikọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹ má pè é ní ayé. Láti ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé, síbẹ̀ àwọn oògùn bíi tramadol, Colorado àti “omi gọ́tà” ń dé ọwọ́ ọmọ. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún òbí àti ẹni tó ń lo oògùn, 080010203040, fún ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, dókítà sì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ́ní dè é mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ máa tú okùn díẹ̀díẹ̀

Ọmọ tí ẹ dè títí tó fi kọ WAEC, tó wá bọ́ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì lójijì, kò tíì kọ́ bí a ṣe ń dá rìn. Láti ọdún 15, ẹ máa yọ òfin kan kúrò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ èyí tó yẹ kó lọ àti ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ti pé 17 báyìí. Ní oṣù tó kọjá, a jọ yọ Family Link kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí n má yọ òfin tábìlì pálọ̀, pé oorun òun ti dára sí i. Fóònù rẹ̀ ṣì ń sùn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.